Rhiannon Giddens, báńjò, àti ohun tí wọ́n ń pè ní orin fóòkù

Ní oṣù kejì ọdún 2024, Beyoncé gbé orin kan jáde tó ń jẹ́ Texas Hold 'Em. Kí ohùn Beyoncé tó wọlé rárá, báńjò, ohun èlò olókùn kan, ló kọ́kọ́ dún. Obìnrin tó ń ta báńjò yẹn ni Rhiannon Giddens, ọmọ ìlú Greensboro ní ìpínlẹ̀ North Carolina, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Orin náà gun orí àtẹ orin kọ́ńtírì, irú orin tí wọ́n mọ̀ mọ́ àwọn òyìnbó aráko Amẹ́ríkà, ó dé ipò kìíní, Beyoncé sì di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Ni ariwo bá sọ. Àwọn kan ń bèèrè pé kí ni adúláwọ̀ ń wá nídìí kọ́ńtírì, pé ṣé báńjò kì í ṣe ohun èlò àwọn òyìnbó orí òkè ni? Ó ti tó nǹkan bí ogún ọdún tí Giddens ti ń dáhùn ìbéèrè yẹn, orin ló sì fi ń dáhùn rẹ̀.

Mo ti gbé orin rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́, ohun tí wọ́n sì sábà máa ń bi mí ni pé, "Irú olórin wo gan-an lèyí?" Mi ò dá wọn lẹ́bi. Àwọn àmì ẹ̀yẹ Grammy tó gbà, ti fóòkù ni. Ẹ̀bùn Pulitzer tó gbà ní ọdún 2023, ọ̀pẹ́rà, eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe, ni wọ́n torí rẹ̀ fún un. Ó ta báńjò fún Beyoncé lórí orin kọ́ńtírì. Ó ń ta fáyólìn, ó ń kọ orin àwọn ará Ireland, ó ń kọ bùlúùsì. Ẹni tó bá fẹ́ tò ó sí àpótí kan ṣoṣo, ọwọ́ rẹ̀ á dá. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, ohun kan ló ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ tí wọ́n fún ohun náà ló da ọ̀rọ̀ rú. Orúkọ yẹn ni fóòkù.

Tí a bá ní ká túmọ̀ fóòkù sí Yorùbá, orin ìbílẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu. Ó tọ̀nà dé ààyè kan. Orin tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ dá a, tí ọmọ gbọ́ lẹ́nu ìyá, tí ìyá náà gbọ́ lẹ́nu ìyá tirẹ̀, tí wọ́n ń kọ nídìí iṣẹ́ àti níbi ijó alẹ́ Sátidé: fóòkù nìyẹn. Àmọ́ nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1940, ọ̀rọ̀ náà ti bí ìtumọ̀ kejì. Woody Guthrie, ọmọ Oklahoma, ń mú ohùn orin àtijọ́, ó ń fi ọ̀rọ̀ tuntun sí i, nípa àwọn àgbẹ̀ tí ọ̀dá àti eruku lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Lẹ́yìn ogún ọdún, Bob Dylan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn: èèyàn kan, gìtá kan, orin tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Orin tí a kọ lánàá náà di fóòkù, tó bá ti jẹ́ pé ó rọrùn, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ju ìlù rẹ̀ lọ. Orin tí Tracy Chapman fi di ìlú mọ̀ọ́ká lọ́dún 1988, irú fóòkù kejì yìí ni.

Èdè wa ràn wá lọ́wọ́ níbí, ó sì tún dí wa lọ́wọ́. "Kọ orin" kan náà la fi ń sọ pé èèyàn ń fi ẹnu kọ ọ́ àti pé ó ń fi gègé kọ ọ́. Lójú Yorùbá, ẹni tó ń kọ orin ń kọ orin, ó parí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún ẹni tó pa méjèèjì pọ̀, singer-songwriter ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì máa ń wo ẹni tó ń kọ orin tí ẹlòmíràn dá bí ẹni tí kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí. Àwọn tó ń fún èèyàn ní Grammy pàápàá pín in sí méjì fún ọ̀pọ̀ ọdún: àmì ẹ̀yẹ kan fún fóòkù àtijọ́, òmíràn fún fóòkù ìgbàlódé. Ọdún 2011 ni wọ́n fún èèyàn ní ti àtijọ́ gbẹ̀yìn kí wọ́n tó pa méjèèjì pọ̀. Ẹgbẹ́ Giddens ló gbà á. Nígbà tí òun àti Francesco Turrisi, olórin ọmọ Ítálì, wá gba ti àpapọ̀ ní ọdún 2022, ó ti ní orin tirẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Láti inú fóòkù àkọ́kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì rìn díẹ̀díẹ̀ bọ́ sínú èkejì. Ọ̀pọ̀ olórin fóòkù òde òní, inú èkejì ni wọ́n bí wọn sí, wọn kò sì kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ọ̀rọ̀ àwọ̀, torí òun ló mú kó máa ya àwọn èèyàn lẹ́nu tí wọ́n bá rí obìnrin yìí pẹ̀lú báńjò lọ́wọ́.

Báńjò kì í ṣe ohun èlò òyìnbó láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ló ṣe é ní àwọn erékùṣù Karíbíà àti ní Amẹ́ríkà. Igbá ni ikùn rẹ̀, awọ ni wọ́n fi bo ojú igbá náà, igi gígùn ni ọrùn rẹ̀. Hans Sloane, dókítà kan tó lọ sí Jamaica ní 1687, rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹrú, àwòrán rẹ̀ sì jáde nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1707. Thomas Jefferson, tó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà, tí òun fúnra rẹ̀ ní ẹrú, kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti Áfíríkà ni wọ́n ti gbé e wá. Bí ẹ bá fẹ́ rí àwọn ìbátan rẹ̀ títí dòní, ẹ wo akonting tí àwọn Jola ń ta ní Gambia àti Senegal, tàbí ngoni ti Mali. Akonting ní okùn kúkúrú kan tí àtàǹpàkò nìkan ń ta, báńjò náà sì ní i.

Ó ń wù mí láti sọ pé ọ̀dọ̀ wa ló ti lọ, ṣùgbọ́n òtítọ́ ò gbà bẹ́ẹ̀. Apá Senegal, Gambia àti Mali ni àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí jù. Àmọ́ ìdílé kan náà ni báńjò àti mólò wa, ohun olókùn tí awọ bo ojú rẹ̀, tí a gbà lọ́wọ́ àwọn Hausa, tí àwọn olórin sákárà ń ta kí gòjé tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun mìíràn tún wà tí mo fẹ́ràn láti máa rántí. Ní Èkó, ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Tunde King ń fi jùjú lélẹ̀, báńjò olókùn mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ Áfíríkà gbé kọjá òkun nínú ìgbèkùn ti gba inú ọkọ̀ ojú omi padà wá sí etíkun Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí ọjà, a ò sì mọ̀ pé ọmọ ilé ló dé.

Báwo ló ṣe wá di ti òyìnbó? Ìgbésẹ̀ méjì ni. Àkọ́kọ́, Joel Sweeney, òyìnbó kan ní Virginia, kọ́ báńjò lọ́wọ́ àwọn adúláwọ̀ àdúgbò rẹ̀, ó sì gbé e lọ sórí ìtàgé ní àwọn ọdún 1830. Ní 1843, àwọn òyìnbó mẹ́rin kan tó pe ara wọn ní Virginia Minstrels fi èédú kun ojú ní New York, wọ́n ń ta báńjò, wọ́n ń sín àwọn ẹrú jẹ, àwọn èrò ìworan ń rẹ́rìn-ín. Eré yẹn gba gbogbo Amẹ́ríkà kan, ó dé Ìlú Ọba. Ó sọ báńjò di olókìkí, ó sì sọ ọ́ di ohun ìtìjú fún àwọn tó ni ín. Ṣé ẹni tí wọ́n fi ohun èlò baba rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí á tún fẹ́ fà á lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́? Ọ̀pọ̀ gbé e jù sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì, ọjà ló fà á, èmi sì rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe àwo orin rí i ní àwọn ọdún 1920 pé owó wà nínú orin àwọn ará gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n la ìwé ọjà wọn sí méjì. Orin adúláwọ̀ lọ sí apá tí wọ́n pè ní race records, orin òyìnbó aráko lọ sí apá tí wọ́n pè ní hillbilly. Ní abúlé, fáyólìn àti báńjò kan náà ni dúdú àti funfun ń jó sí, orin kan náà ni wọ́n ń yá ara wọn. Ṣùgbọ́n tí adúláwọ̀ bá gbé fáyólìn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wọn, bùlúùsì ni wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orin ijó olókùn, òyìnbó ni wọ́n ń gbà á sílẹ̀ fún. Apá hillbilly yẹn ló wá di kọ́ńtírì. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wá fóòkù kiri ní àwọn ọdún 1950, tí wọ́n ń tẹ́tí sí àwọn àwo àtijọ́ wọ̀nyẹn, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ti jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn ti ṣà fún wọn.

Ibi tí Giddens wọlé nìyí, kò sì mọ̀ nígbà yẹn. Ọdún 1977 ni wọ́n bí i, ìyá rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀, bàbá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó. Ohùn ọ̀pẹ́rà ló lọ kọ́ ní Oberlin, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ó parí ní 2000, ó sì padà sílé ní North Carolina. Ibi ijó àwọn ará abúlé ló ti pàdé báńjò, ó sì kọ́kọ́ rò bí gbogbo èèyàn ti rò, pé àlejò ni òun níbẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2005, wọ́n ṣe ìpàdé kan ní ìlú Boone, nípa báńjò àti àwọn adúláwọ̀. Níbẹ̀ ló ti pàdé Dom Flemons àti Justin Robinson, ọ̀dọ́ bíi tirẹ̀. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti rí Bàbá Joe Thompson, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí wọ́n ń ta fáyólìn. Bàbá kọ́ ọ lọ́dọ̀ bàbá tiwọn. Ọ̀kan lára mọ̀lẹ́bí wọn, Odell, ló ń ta báńjò tẹ̀ lé wọn títí tó fi kú ní 1994. Wọ́n wà lára àwọn tó kù gbẹ̀yìn tó gba orin yìí lọ́wọ́ ìdílé wọn, láìkọ́ ọ nínú àwo tàbí ìwé.

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta yìí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé Bàbá ní ìlú Mebane ní alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kò sí ìwé orin nílẹ̀. Bàbá á ta á, wọ́n á tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá ṣì í, Bàbá á tún un ta. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ ní ilé àyàn kò ní béèrè irú ilé ẹ̀kọ́ wo lèyí: etí ni sílébù, ọwọ́ àgbà ni bọ́ọ̀dù. Giddens, tó ti lo ọdún nílé ẹ̀kọ́ gíga tó ń ka àmì orin lórí ìwé, ní láti jókòó bí ọmọdé. Mo gbà pé bí a bá yọ àwọn alẹ́ Ọjọ́bọ̀ wọ̀nyẹn kúrò, kò sí ohun tó kù nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí a lè ṣàlàyé.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Carolina Chocolate Drops sílẹ̀. Àwo wọn ti 2010, Genuine Negro Jig, ló gba Grammy tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Bàbá Thompson wà láyé nígbà náà. Ọdún 2012 ni wọ́n papò dà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ orin rẹ̀ tí ẹ bá gbọ́ ọ? Ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí báńjò. Èyí tí àwọn èèyàn mọ̀ jù, ti bluegrass, irú orin kọ́ńtírì kan tó ń sáré, a máa dún gan-an-ran gan-an-ran, ìka mẹ́ta á máa sáré lórí okùn irin. Ti Giddens ò rí bẹ́ẹ̀. Báńjò tó fẹ́ràn jù, ti ọdún 1858 kan ni wọ́n wò ṣe é. Kò ní àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń dábùú ọrùn gìtá láti fi ibi tí ìka máa tẹ̀ hàn, nítorí náà ohùn lè yọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn bíi ti gòjé. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó nípọn, kì í han. Ọwọ́ tó fi ń ta á sì yàtọ̀: ẹ̀yìn èékánná ló ń gbá okùn láti òkè wá sísàlẹ̀, àtàǹpàkò á wá ta okùn kúkúrú yẹn. Báyìí náà ni àwọn Jola ṣe ń ta akonting.

Lẹ́yìn náà, ohùn ẹnu rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ọ̀pẹ́rà fún un ní èémí tó gùn àti agbára láti kún gbọ̀ngàn láìsí maikirofóònù, àmọ́ kì í fi ohùn ọ̀pẹ́rà kọ fóòkù. Ní 2013, ní gbọ̀ngàn Town Hall ní New York, níbi àgbájọ àwọn olórin fóòkù kan, ó kọ Waterboy, orin iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ mọ́ Odetta, obìnrin adúláwọ̀ olórin fóòkù. Láàárín ìlà kan sí èkejì, ó ń mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ń fi òòlù fọ́ òkúta. Àwọn èrò dìde. T Bone Burnett, tó ṣètò eré náà, ló bá a ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ láìsí ẹgbẹ́ ní 2015. Orin tí àwọn obìnrin ìṣáájú kọ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ rí i pé ó ti di gbajúmọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin tirẹ̀ ṣíwájú.

Freedom Highway, ti 2017, ni ibi tí gègé rẹ̀ ti jáde. Ó ti ń ka àkọsílẹ̀ ayé ẹrú, ó rí ìpolówó kan tí ẹnì kan fi ń ta ọ̀dọ́bìnrin kan. Obìnrin náà ní ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Ìpolówó náà ní tí olùrà bá fẹ́, kó mú ọmọ náà pẹ̀lú; tí kò bá fẹ́, kó fi í sílẹ̀. Gbólóhùn yẹn gan-an ló fi ṣe àkọlé orin, At the Purchaser's Option. Ìyá náà ló ń sọ̀rọ̀ nínú orin látòkè délẹ̀. Giddens kò wàásù, kò ṣàlàyé ìtàn, kò sọ fún wa pé ó burú. Ó kọ ọ́ bí orin àtijọ́: ìlà kúkúrú, ègbè tó ń padà wá, ohùn tí èèyàn lè gbà kọ lẹ́ẹ̀kejì tó bá gbọ́ ọ. Ẹni tí wọn kò bá sọ fún lè rò pé ayé ẹrú ni wọ́n ti kọ orin náà. Ohun tó ń wá nìyẹn. Orin tó yẹ kó ti wà, tí ẹnikẹ́ni kò gbà sílẹ̀ fún ìyá yẹn, òun ló ń kọ.

Ìdí nìyí tí ọ̀pẹ́rà rẹ̀ kò fi yà mí lẹ́nu. Omar ni wọ́n ń pè é, òun àti Michael Abels ló jọ kọ ọ́, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é ní Charleston, South Carolina, ní oṣù karùn-ún ọdún 2022. Ìtàn Omar ibn Said ni, àfáà láti Futa Toro ní Senegal, tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Charleston yẹn gan-an ní 1807, tó sì kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá ní 1831. Ìwé náà ṣì wà. Ohun tó ṣe pẹ̀lú ìpolówó ọjọ́sí náà ló ṣe pẹ̀lú ìwé yìí, orí ìtàgé tó tóbi jù ló kàn gbé e sí. Àwọn tó fún un ní Pulitzer pè é ní ọ̀pẹ́rà. Wọn kò ṣì í, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ Mebane nínú rẹ̀.

Ọdún 2023, nígbà tó ti di ẹni ọdún 46, ni àwo rẹ̀ tó jẹ́ pé orin tirẹ̀ nìkan ló kún un tó jáde, You're the One. Àwo tó dùn ni, ìlù rẹ̀ pọ̀, ó tú ara ká. Lójú tèmi, kò wọlé tó ti 2017, torí ohun èlò pọ̀ débi pé báńjò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, mo máa ní kó bẹ̀rẹ̀ láti orí Freedom Highway, kó tó padà sẹ́yìn lọ gbọ́ ti ẹgbẹ́ wọn. Tó bá fẹ́ràn ìtàn àwọn obìnrin, kó wá Songs of Our Native Daughters, ti 2019, níbi tí òun àti àwọn obìnrin adúláwọ̀ mẹ́ta mìíràn, Amythyst Kiah, Leyla McCalla àti Allison Russell, ti jọ ń ta báńjò.

Lẹ́yìn gbogbo òkìkí yìí, àwo tó ṣe ní 2025 kò ní orin tuntun nínú rárá. Òun àti Justin Robinson nìkan ni, báńjò àti fáyólìn, orin ijó àtijọ́ North Carolina, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ọwọ́ Bàbá Thompson. Wọn kò wọ sítúdíò. Ìta gbangba ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, lára ibi tí wọ́n sì jókòó sí ni ilé Bàbá. Tí ẹ bá tẹ́tí dáadáa, ẹ ó gbọ́ ẹyẹ àti kòkòrò tó ń dún lórí igi lẹ́yìn wọn.